Ẹnu tí kò ṣí dáadáa mọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn nípa àrùn ẹnu tí èso areca àti tábà jíjẹ ń fà

India, Pakistan, Bangladesh, Nepal, Sri Lanka, Taiwan àti gúúsù China ni àrùn yìí ti gbilẹ̀ jù. Kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ará ilẹ̀ wọ̀nyẹn bá ṣí lọ ni èso náà ń bá wọn lọ: ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ní Southall àti Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wà ní Durban ní South Africa, àwọn Yorùbá tó ń gbé ládùúgbò bẹ́ẹ̀ sì ń bi wá léèrè. Ohun kan la fẹ́ kó yé yín ju gbogbo rẹ̀ lọ: èso náà fúnra rẹ̀ ń ba ẹnu jẹ́. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé tábà nìkan ló léwu.

Kí gan-an ni wọ́n ń jẹ?

Kóró igi ọ̀pẹ kan ni, igi tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, tí orúkọ rẹ̀ nínú sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Areca catechu. Bí ẹ bá bó èèpo rẹ̀ kúrò, kóró líle kan ló máa kù. Bí ẹ bá là á sí méjì, ẹ ó rí ìlà funfun àti ìlà àwọ̀ ilẹ̀ tó lọ́ mọ́ra wọn. Supari ni wọ́n ń pè é ní India. Buai ni ní Papua New Guinea. Ọ̀pọ̀ ń pè é ní betel nut, ṣùgbọ́n ewé tí wọ́n fi ń wé e ló ń jẹ́ betel. Ewé yẹn jẹ́ ìbátan ìyeré tí àwa ń fi sọ́bẹ̀.

Paan ni èyí tó pẹ́ jù nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jẹ ẹ́. Wọ́n á mú ewé betel tútù, wọ́n á fi ẹfun ra inú rẹ̀, wọ́n á kó èso tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n lè fi tábà àti èròjà olóòórùn dídùn kún un, wọ́n á sì ká a pọ̀ sẹ́nu. Ẹfun tí à ń sọ yìí, òkúta ẹfun tàbí ìkarahun inú òkun ni wọ́n sun tí wọ́n sì bomi sí. Ó máa ń jó ara.

Gutka ni tòde òní. Èso areca gbígbẹ tí wọ́n rún, ẹfun, tábà, èròjà kan tó ń jẹ́ catechu àti adùn, gbogbo rẹ̀ nínú ọ̀rá pélébé kan. Pan masala dà bí gutka láìsí tábà. Khaini jẹ́ tábà àti ẹfun láìsí èso. Mawa, tó wọ́pọ̀ ní Gujarat ní India, jẹ́ èso wẹ́wẹ́, tábà àti ẹfun tí wọ́n rún pọ̀ nínú ọ̀rá. Ó dáa kéèyàn mọ ìyàtọ̀ wọn, torí ohun tí dókítà máa wá nínú ẹnu yín wà lọ́wọ́ èyí tí ẹ ń jẹ.

Kí ló dé tí itọ́ wọn fi ń pọ́n? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ni?

Rárá. Nígbà tí ẹfun bá kan àwọn èròjà inú èso náà ni àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà. Ẹ̀jẹ̀ gidi tún lè wà níbẹ̀ o, bí èrìgì bá ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ pupa yìí á bò ó mọ́lẹ̀. Ìdí rèé tí àwọn tó ń jẹ ẹ́ kì í fi í tètè mọ̀ pé èrìgì wọn ti ń ṣẹ̀jẹ̀.

Kí ni orúkọ àrùn náà, kí ló sì ń ṣe?

Oral submucous fibrosis ni àwọn dókítà ń pè é. OSMF la ó máa pè é níbí. Àpá ló ń dà sábẹ́ awọ inú ẹnu. Awọ tó yẹ kó rọ̀, kó sì máa nà, á funfun, á le, á sì máa fún pọ̀, títí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi gan bí awọ bàtà. Kò sí ohun tó ṣe eegun àgbọ̀n, kò sì sí ohun tó ṣe oríkèé rẹ̀ tó wà lẹ́bàá etí. Awọ ló dè é mọ́lẹ̀.

Ní 1952, dókítà kan tó ń jẹ́ Schwartz ṣàpèjúwe rẹ̀ lára obìnrin India 5 tó ń gbé ní Kenya. Ní 1953, Joshi ní Bombay kọ nípa rẹ̀, ó sì pè é ní submucous fibrosis. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ìtàn rẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn òde òní ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àrùn náà ti wà ní India tipẹ́tipẹ́.

Báwo ni èso lásán ṣe lè sọ ẹnu di líle?

Lábẹ́ awọ inú ẹnu, àwọn okùn tín-ín-tín kan wà tí wọ́n ń pè ní collagen. Wọn kì í wà lójú kan: ara ń hun tuntun, ó sì ń tú ti àtijọ́ ká. Ohun tó ń mú kí awọ náà rọ̀ nìyẹn. Ibi mẹ́ta ni èso areca ti ń da iṣẹ́ yìí rú.

Àkọ́kọ́ ni arecoline, èròjà tó lágbára jù nínú èso náà. Òun ló ń mú kí ara ẹni tó ń jẹ ẹ́ yá gágá, kó sì máa làágùn díẹ̀. Ó ń ti àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń hun collagen láti hun púpọ̀ sí i. Ìkejì ni tannin àti catechin, èyí tó ń mú kí èso náà korò kó sì fa ẹnu. Wọ́n ń mú kí okùn tí wọ́n hun náà le débi tí èròjà ara tó yẹ kó tú u kò fi ní rí i tú. Ìkẹta ni bàbà, tó pọ̀ nínú èso areca ju bó ṣe pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ kóró mìíràn tí ènìyàn ń jẹ. Bàbà yìí ń fún èròjà kan tó ń jẹ́ lysyl oxidase lágbára, iṣẹ́ èròjà yìí sì ni láti máa so okùn kan mọ́ ìkejì. Hínhun ń pọ̀, títú ń dín kù, síso sì ń le sí i. Àpá kò ní ṣàì yọrí jáde.

Ẹ wá fi ohun mìíràn kún un. Èso gbígbẹ máa ń mú, ó ń họ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹfun ń jó o. Gbogbo èròjà yìí sì ń gba ojú ọgbẹ́ kéékèèké yẹn wọlé. Ẹni tó bá ń fi í sẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́ kò jẹ́ kí awọ náà ráyè sinmi rárá. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ ẹ́ ni OSMF ń mú, torí ara kì í rí bákan náà, ṣùgbọ́n bí iye ìgbà tí wọ́n ń jẹ ẹ́ lóòjọ́ bá ti ń pọ̀ tó ni ewu náà ń pọ̀ tó.

Èyí tí mo ń rà, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kò sí tábà. Ṣé kò séwu nínú rẹ̀?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú nìyí. Lóòótọ́, ní 1985, paan tó ní tábà nìkan ni IARC, ẹ̀ka tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, kà sí ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2004, wọ́n fi paan tí kò ní tábà kún un, wọ́n sì fi èso areca nìkan, láìsí ewé, láìsí tábà, kún un pẹ̀lú. Ìpele 1 ni wọ́n fi í sí, níbi tí sìgá wà.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ láìsí tábà. Ní Taiwan, wọn kì í sábà fi tábà sí i, síbẹ̀ jẹjẹrẹ ẹnu di ìṣòro ńlá níbẹ̀. Láàárín àwọn ará India tó ń gbé ní Durban, àwọn obìnrin tó ń jẹ èso náà láìfi tábà sí i ló pọ̀ nínú àwọn tí OSMF mú. Ní ẹkùn Hunan ní China, èèpo èso náà tí wọ́n fi adùn sí ni wọ́n ń jẹ, tí kò sì sí tábà níbẹ̀ rárá. Ní 2021 ìjọba China ní kí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n má polówó rẹ̀ mọ́.

Nípa OSMF, ọ̀rá tí kò ní tábà àti èyí tó ní tábà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, nítorí èso ni orísun àrùn yẹn. Pan masala tún burú ju paan lọ ní ọ̀nà kan: èso inú rẹ̀ gbẹ, ó sì pọ̀, kò sí ewé tútù tó máa dín agbára rẹ̀ kù. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní India ní 1996 rí i pé lára àwọn tó ń jẹ pan masala, nǹkan bí ọdún 2.7 ni àrùn náà fi yọjú, nígbà tó jẹ́ nǹkan bí ọdún 8.6 lára àwọn tó ń jẹ paan.

Kí wá ni ti tábà nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Tábà ní èròjà tirẹ̀ tó ń fa jẹjẹrẹ. Àwọn tó burú jù ni NNN àti NNK, tí wọ́n ń jáde nígbà tí wọ́n bá ń sá ewé tábà, tí wọ́n ń ká a jọ kó lè gbó, tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Ẹfun tàbí ohunkóhun tó bá jọ ọ́ ń mú kí nikotíìnì tètè wọnú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí khaini fi ń tètè di bárakú.

Ibi tí wọ́n bá ń há a mọ́ ni ẹ ó ti rí àmì rẹ̀. Ẹni tó ń fi khaini sáàárín ètè ìsàlẹ̀ àti èrìgì, ibẹ̀ gan-an ni awọ á ti funfun tí á sì wú ràkọ̀ràkọ̀. Èrìgì ibẹ̀ á sá sísàlẹ̀ títí gbòǹgbò eyín á fi hàn. Ẹni tó ń há paan mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì nígbà tó bá ń sùn, ẹ̀gbẹ́ òsì ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa. Sísun pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́nu ló burú jù, torí itọ́ kì í ṣàn dáadáa lóru, ohun gbogbo sì dúró sójú kan fún wákàtí púpọ̀.

Ìwádìí ìjọba India ní 2016 sí 2017 fi hàn pé 21.4 nínú 100 àgbàlagbà ibẹ̀ ló ń lo tábà tí wọn kì í tanná sí. Ní ti gbogbo àgbáyé, nǹkan bí 389,800 ènìyàn ni jẹjẹrẹ ẹnu mú ní 2022, IARC sì ṣírò pé bí 120,200 nínú wọn ló ti ọ̀dọ̀ irú tábà yìí àti èso areca wá. Àwọn ará India ló pọ̀ jù nínú wọn.

Àmì wo ló ń kọ́kọ́ yọ?

Ata. Ẹni tó ti ń jẹ ata láti kékeré á ṣàdédé rí i pé ọbẹ̀ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ti ń ta á lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ń rò pé ikùn ló ń dà wọ́n láàmú, tàbí pé ata tuntun ló mú jù, wọ́n á sì dín ata kù dípò kí wọ́n jáwọ́ nínú gutka. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu lè máa gbẹ, iléròrò kéékèèké lè máa tú lójú àjà ẹnu, tí wọ́n á bẹ́, tí wọ́n á sì di egbò.

Lẹ́yìn náà ni funfun á wọlé. Kì í ṣe funfun tí ẹ lè nù kúrò. Awọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣì. Bí ẹ bá fi ìka kan inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ ó kan okùn tó nà láti òkè wá sísàlẹ̀, ó sì lè yí ètè ká. Bó bá dé ahọ́n, ahọ́n kò ní lè yọ síta tó bó ṣe yẹ. Bó bá dé ọ̀fun, belúbelú á sún kì, ohùn á máa gba imú jáde, gbígbé oúnjẹ mì á di iṣẹ́, etí sì lè máa dí nítorí pé iṣan tó ń ṣí ojú ihò láàárín ọ̀fun àti etí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ bi ara yín: ṣé mo ṣì lè súfèé? Ṣé mo ṣì lè wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kí n fẹ́ iná àbẹ́là pa? Ẹni tí kò bá lè ṣe é mọ́, tó sì ń jẹ èso areca, kó lọ rí dókítà eyín.

Báwo ni mo ṣe lè wọn ẹnu mi nílé?

Ẹ kó ìka àtọ́ka, ìka àárín àti ìka tí à ń fi òrùka sí pọ̀, ẹ yí ọwọ́ kí wọ́n to lé ara wọn lórí, kí ẹ sì gbìyànjú láti fi wọ́n sáàárín eyín iwájú òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ìka tiyín ni kí ẹ lò, torí bí ara bá ṣe tóbi ni ẹnu ṣe ń tóbi. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wọlé, ó dáa. Bó bá jẹ́ méjì péré, ẹ lọ fi han dókítà. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó di ọ̀la.

Fún ìwọ̀n tó péye, ẹ dúró níwájú dígí, ẹ la ẹnu títí dé ibi tó lè ṣí dé, kí ẹlòmíràn fi rúlà wọn àlàfo láti ẹnu eyín òkè sí ẹnu eyín ìsàlẹ̀. Àwọn dókítà sábà máa ń pín OSMF báyìí: ó ju mìlímítà 35 lọ, ìbẹ̀rẹ̀ ni; 26 sí 35, ó ti wọra; 15 sí 25, ó ti le; kò tó 15, ó ti burú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, kí ẹ sì wọn ọ́ lóṣooṣù. Àárọ̀ ni kí ẹ máa wọn ọ́ nígbà gbogbo. Ẹ má wọn ọ́ láàárọ̀ lóṣù yìí, kí ẹ wá wọn ọ́ lálẹ́ lóṣù tó ń bọ̀.

Ohun mìíràn náà lè dí ẹnu pa: eyín ọgbọ́n tó ń wú, oríkèé àgbọ̀n, tẹ́tánọ́ọ̀sì, tàbí jẹjẹrẹ. Bí ẹnu bá dí láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ara sì ń gbóná, kì í ṣe OSMF nìyẹn. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ṣé ó ń di jẹjẹrẹ lóòótọ́?

Ó lè dì í. Ní Ernakulam ní Kerala ní India, wọ́n tẹ̀ lé àwọn tó ní OSMF fún ọdún 17, 7.6 nínú 100 wọn sì ní jẹjẹrẹ ẹnu. Ẹni tó tún ń mu sìgá tàbí ọtí, ewu tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ẹ máa wá rèé: egbò tí kò san lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, ibi pupa tó rí múlọ́múlọ́ bí aṣọ àrán, tí kò sì ní ìdí (pupa léwu ju funfun lọ), kókó tó le nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí lọ́rùn, eyín tó ń mì láìsí ìdí, ètè tàbí àgbọ̀n tó kú tipiri. Àìdunni kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí nǹkan kan. Jẹjẹrẹ ẹnu kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀.

Ìṣòro tó burú jù ni pé OSMF fúnra rẹ̀ ń fi jẹjẹrẹ pa mọ́. Ẹnu kò ṣí, dókítà kò rí ẹ̀yìn, aláìsàn náà kò rí i, egbò sì ń gbèèrú lẹ́yìn eyín ńlá. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnu ṣì ń ṣí. Taiwan mọ èyí: láti 2004 ni wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò ẹnu ní ọdún méjì-méjì fún àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 30 tí wọ́n ń jẹ èso náà tàbí tí wọ́n ń mu sìgá.

Kí ni dókítà eyín máa ṣe?

Á bi yín léèrè ohun tí ẹ ń jẹ, iye ìgbà lóòjọ́, iṣẹ́jú mélòó ló ń pẹ́ lẹ́nu, ẹ̀gbẹ́ wo, láti ọdún wo. Á wọn ẹnu, á wọn bí ahọ́n ṣe ń yọ, á fi ìka tọ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọrùn. Ó lè ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ wọ́pọ̀ lára wọn. Bí ibì kan bá fu ú lára, á pa ibẹ̀ kú, á gé ẹran tí kò ju ẹ̀wà kan lọ, á sì fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń fi maikirosíkóòpù wò ó. Gígé é kì í mú kí jẹjẹrẹ tàn ká. Ìbẹ̀rù yẹn ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí wọ́n sá fún àyẹ̀wò náà.

Ṣé ó ní ìwòsàn?

Àpá tó ti dá kì í padà di awọ rírọ̀ pátápátá. Ohun tí ìtọ́jú lè ṣe ni pé kó dá a dúró, kó mú kí ẹnu má ta mọ́, kó sì gba mìlímítà díẹ̀ padà. Kò sí èyí tó máa ṣiṣẹ́ nínú wọn bí ẹ bá ṣì ń jẹ èso náà.

Fún ẹni tó ṣì wà níbẹ̀rẹ̀: ó jáwọ́, wọ́n á fún un ní oògùn afẹ́jẹ̀kún bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá dín, àti fítámì. Lycopene, èròjà tó ń mú tòmátì pọ́n, wà lára ohun tí wọ́n ti dán wò, mílígíráàmù 16 lóòjọ́, ó sì ran àwọn kan lọ́wọ́. Fún ẹni tó ti wọra, wọ́n sábà ń fún un lábẹ́rẹ́ sínú okùn àpá náà: dexamethasone mílígíráàmù 4 pẹ̀lú hyaluronidase 1,500 ẹyọ, pẹ̀lú oògùn tó ń pa ojú ibẹ̀ kú, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 10. Hyaluronidase ń tú ohun tó so àpá náà pọ̀, dexamethasone ń mú kí ó rọlẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ tó bá pọ̀ jù máa ń dá ọgbẹ́ tirẹ̀, ọgbẹ́ yẹn sì lè di àpá mìíràn. Ẹ má gbà kí ẹni tí kì í ṣe dókítà gún yín.

Ata ilẹ̀ pupa ńkọ́? Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó lè dín títa ẹnu kù. Kò ní tú àpá.

Ẹ kọ́ mi ní eré ìdárayá ẹnu náà.

Igi pẹlẹbẹ tí dókítà fi ń tẹ ahọ́n mọ́lẹ̀ ni kí ẹ rà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nípọn tó nǹkan bí mìlímítà kan ààbọ̀ sí méjì. Ẹ tò wọ́n lé ara wọn, ẹ fi bébà tàbí bándéèjì dì wọ́n, ẹ fi èyí tó bá wọlé láìfipá ṣe sáàárín eyín ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ má fi sáàárín eyín iwájú, torí eyín iwájú kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, wọ́n lè mì tàbí kí wọ́n ṣẹ́. Kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá rọra ti ẹyọ igi kan sí i láàárín, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan mìíràn. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí márùn-ún lóòjọ́.

Kí awọ náà fà díẹ̀ ni kí ẹ máa wá. Bó bá ti ń dunni gan-an tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ ti sáré jù, egbò tuntun yẹn sì máa di àpá. Lẹ́yìn ọjọ́ 5 sí 10, bó bá ti ń wọlé wẹ́rẹ́, ẹ fi igi kan kún un. Ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ yọ ẹnu kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì máa wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín bí ẹni tó ń fọn fèrè, torí igi ń ṣí àgbọ̀n ni, kì í na ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Bó bá di iṣẹ́ abẹ ńkọ́?

Wọ́n á gé okùn àpá náà, wọ́n á sì fi ohun mìíràn bo ojú rẹ̀: ọ̀rá ara tó wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, awọ láti ẹ̀gbẹ́ imú, tàbí awọ láti itan. Bí wọn kò bá bò ó, àpá á padà wá, á sì le ju ti tẹ́lẹ̀. Lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ẹnu lè ṣí dé mìlímítà 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù rẹ̀. Ó kéré tán oṣù 6 ni kí wọ́n fi máa ṣe eré ìdárayá náà lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ń dunni. Ẹni tó bá rí i pé kò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó sọ fún dókítà abẹ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ.

Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn kì í rántí. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn, ìbáà jẹ́ ìpá, ìbáà jẹ́ ìbímọ, ẹ sọ fún ẹni tó ń fún yín ní oògùn oorun pé ẹnu yín kì í ṣí. Rọ́bà ìmí ni wọ́n máa ń ti bọ ọ̀fun. Bí wọn kò bá mọ̀ ṣáájú, ewu ńlá ni.

Báwo ni mo ṣe lè jáwọ́?

Àwọn tó ń jẹ gutka ní bárakú méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ti arecoline àti ti nikotíìnì. Ohun tí wọ́n fi ń rọ́pò nikotíìnì kò lè ṣiṣẹ́ lórí arecoline, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ẹnu bá ṣì ń wá nǹkan. Inú á máa bí yín, oorun lè ṣòro, orí lè máa fọ́, ó sì máa ń rọlẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá máa lo nikotíìnì ìrọ́pò, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ló dáa fún ẹni tó ní OSMF. Ṣingọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń ṣòroó jẹ fún ẹnu tí kò ṣí.

Ẹ dá ọjọ́ kan, ẹ da èyí tó kù nù, ẹ sì sọ fún ẹni tí ẹ jọ ń jẹ ẹ́. Ìyẹn ló le jù: lórí iṣẹ́ ìwakọ̀ tàbí iṣẹ́ òru ni ọ̀pọ̀ ti kọ́ ọ, níbi tí wọ́n ti ń pín in fún ara wọn. Ẹ wá ohun mìíràn sẹ́nu, kànáfùrù tàbí hóró ẹfinrin gbígbẹ, bí kò bá ta yín. Ẹ má dín in kù díẹ̀díẹ̀ nípa yíyí sí pan masala. Èso náà kan náà ni.

Kí ni kí n máa jẹ báyìí?

Ohun tó rọ̀ tí kò ta: ẹ̀kọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, mọ́ínmọ́ín tí ata rẹ̀ kéré, ẹyin, ẹja tí wọ́n rún, ẹ̀fọ́ tí wọ́n sè kó rọ̀ dáadáa. Ẹ má dín ẹran àti ẹ̀fọ́ kù nítorí pé ẹnu ń dunni, kí àìtó ẹ̀jẹ̀ má bàa pọ̀ sí i. Ẹ lọ̀ wọ́n. Búrọ́ọ̀ṣì ọmọdé ni kí ẹ fi fọ eyín ẹ̀yìn, torí orí ti àgbàlagbà kò ní lè wọ ibẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín tó ń tani gan-an, ẹ yí i padà.

Ṣé obì tàbí aáṣáà lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Obì àti orógbó kò ní arecoline. Káféènì ló wà nínú obì, ó ń kun eyín, ó sì ń lé oorun lọ, ṣùgbọ́n OSMF kì í ti ibẹ̀ wá.

Aáṣáà yàtọ̀. Tábà lílọ̀ ni, kán-ún tí wọ́n sì ń fi sí i ń ṣe iṣẹ́ tí ẹfun ń ṣe nínú khaini: ó ń tètè ti nikotíìnì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń há a sábẹ́ ètè tàbí tó ń fi í sórí ahọ́n kò ní ní OSMF nítorí rẹ̀, àmọ́ ibi funfun, èrìgì tó ń sá àti ewu jẹjẹrẹ kan án bó ṣe kan ẹni tó ń jẹ khaini. Kó máa wo ibi tó ń há a mọ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù nínú dígí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Ọmọ ilé ìwé ń rà á. Ṣé kò tíì kéré jù fún àrùn yìí?

Kò kéré jù. Supari aládùn ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún ọmọdé ní India, pẹ̀lú súgà àti adùn, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Nítorí pan masala ń yára ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àwọn dókítà ibẹ̀ ń rí OSMF lára àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ata, tí eyín rẹ̀ sì ń pọ́n, ẹ wo àpò rẹ̀.

Ṣé wọn kò fòfin dè é ni?

Wọ́n ṣe é. Ní 2011, òfin oúnjẹ ní India sọ pé a kò gbọdọ̀ fi tábà tàbí nikotíìnì sínú oúnjẹ kankan. Ní 2012 Madhya Pradesh ló kọ́kọ́ fi í de gutka, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù sì tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń ṣe é wá pín in sí méjì: ọ̀rá pan masala lọ́tọ̀, ọ̀rá tábà kékeré lọ́tọ̀, oníbàárà á ra méjèèjì, á sì pò ó pọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́. Gutka ò sí lórí àtẹ mọ́, ó wà lẹ́nu.

Ibo ni kí n lọ?

Ní Nàìjíríà, ẹ̀ka eyín ní UCH Ìbàdàn, LUTH ní Èkó tàbí OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ lè ṣe àyẹ̀wò yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà eyín tàbí dókítà àdúgbò yín; egbò ẹnu tí kò ní ìdí tó sì ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ wà lára ohun tó yẹ kí wọ́n fi ránṣẹ́ kíákíá sọ́dọ̀ àwọn tó ń wá jẹjẹrẹ. Ọ̀pọ̀ dókítà tí kò bá ti ṣiṣẹ́ láàárín ará India kì í béèrè nípa èso areca, "Ṣé ẹ ń mu sìgá?" ni wọ́n máa ń béèrè, ẹ ó sì dáhùn pé rárá, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fúnra yín. Ẹ mú ọ̀rá tí ẹ ń rà lọ́wọ́, pẹ̀lú ìwé tí ẹ kọ ìwọ̀n ẹnu yín sí.